Etí Aṣọ Tí Mo Ká Sínú

Lábẹ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Pohang ni ṣọ́ọ̀bù mi wà,
kò fẹ̀ ju ibùsùn ẹni méjì lọ:
ẹ̀rọ ìránṣọ kan, áyọ́ọ̀nù kan,
àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Bí aago bá ti dún nírọ̀lẹ́, wọn a ya wọlé.
"Ìyá àgbà, ẹ bá mi gbà á wọlé."
"Ẹ gbà á wọlé sí i."
"Ẹ gbà á wọlé títí yóò fi lẹ̀ mọ́ mi lára bí awọ ẹja."
Mo ń gbà á wọlé. Owó ni. Èmi náà ń jẹun.

Seungyeop ló mọ̀ ọ́n bèèrè jù nínú gbogbo wọn.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọrùn gígùn bíi ti lékèélékèé,
bàtà funfun tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù.
Ó na ṣòkòtò sórí tábìlì mi, ó tẹ ìka lé e:
"Sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ lórúnkún,
ọ̀kan àtààbọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀.
Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ká."
Ojú rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ.

Ìgbà tó lọ ni mo tú ìwé tó fi wé ṣòkòtò náà.
Ìwé ìdánwò ìṣirò ni. Bírò pupa ló wà lókè rẹ̀:
mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ìwé náà nípọn, ó dára fún pátánì;
mo yí i dé, mo ya orúnkún ọmọ náà sẹ́yìn rẹ̀.

Lóṣù kọkànlá, ìyá rẹ̀ wá.
Ọjà ẹja ló ti ń bọ̀, ìpẹ́ ń tàn lápá aṣọ rẹ̀
bíi bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò rán.
Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ kan sílẹ̀, síìpù rẹ̀ ti já.
Owó iṣẹ́ oṣù méjì ni, ó ní òun kò tíì san án tán.
Jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń to ara wọn ní kíláàsì:
ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni ìkẹyìn.
Ó jókòó sórí àga tó ń mì,
ó fi ọwọ́ pamọ́ nítorí òórùn ẹja,
ó béèrè bí ẹni tí kò bi ẹnikẹ́ni:
"Yunifásítì wo ni yóò gbà á wọlé?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbà mọ́ mi lẹ́nu.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbà á wọlé,
mo gba orúnkún wọlé, mo gba ìbàdí wọlé,
n kò gba ọmọ ẹnìkan wọlé síbì kan rí.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.
Èmi nìyí láàárín àkísà, gbogbo wọn ló ti jẹ́ tuntun rí.
Aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀ tí mo sunkún kí wọ́n tó rà fún mi;
n kò rántí ohun kan tí wọ́n kọ́ wa lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ yìí kò mọ̀.
N kì í gé e nù.
Etí aṣọ tí wọ́n ní kí n gbà wọlé,
inú ni mo ń ká a sí, òwú jẹ́jẹ́ ni mo fi ń tọ́ ọ.
Ara ọmọ kì í gbọ́ àṣẹ télọ̀.

Lánàá, yìnyín ń bọ́,
iná iléeṣẹ́ irin ń pọ́n lójú ọ̀run lódìkejì omi.
Seungyeop wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya nídìí,
etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. "Ìyá àgbà, ó ṣeé tú?"
Mo fi ohun tó wà nínú hàn án. Ó dákẹ́.
Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó wọn ibí, ó wọn ọ̀hún:
"Bí ẹ bá tú ìdajì rẹ̀ báyìí,
tí mo sì ń fi sẹ̀ǹtímítà kan ga lóṣù mẹ́ta…"
Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ síṣọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
Pátánì rẹ̀ àtijọ́ ni. Kò tíì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

N kò sọ fún un pé ìṣirò ni.
Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, mo dúró dè é.